Dírágónì Kọ́ Ni Ẹran Ọdẹ Etíkun Yìí

Dragon Slayer jẹ́ iṣẹ́ ọdẹ kan tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú RuneScape, géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Andrew Gower gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2001. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ti kó póìntì 32 jọ nídìí àwọn iṣẹ́ mìíràn. Yóò wá ègé máàpù mẹ́ta, yóò tò wọ́n pọ̀. Yóò ra ọkọ̀ ojú omi tó ti lu, yóò fi pákó àti ìṣó dí i, yóò gba asà tó ń dá iná dúró, kó tó kọjá sí erékùṣù Crandor, níbi tí dírágónì Elvarg ti ń tu iná lẹ́nu. Ẹni tó bá bẹ́ Elvarg lórí ló ń gba àṣẹ láti wọ ẹ̀wù irin kan tó jẹ́ èèwọ̀ fáwọn yòókù.

Láti oṣù kẹwàá 2018 ni èyí ti ṣeé ṣe lórí fóònù, nítorí náà ọmọ Ìkoga, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àgbádárìgì, lè ṣe é láṣeyọrí bí dátà bá wà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ètò àti sùúrù tí iṣẹ́ náà ń gbà kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ìbáwí tọ́ sí ni òǹṣe-géèmù Èkó tó bá jókòó láti ṣe tirẹ̀, tó tún lọ gbé dírágónì sí òpin ìrìn-àjò.

Inú ìtàn Yúróòpù ni irú dírágónì bí Elvarg, tí akọni gbọ́dọ̀ pa, ti wá. Ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, lọ́dọ̀ àwọn tó bá àwọn Ògù Àgbádárìgì tan, ẹnì kan kì í pa òjòlá. Òrìṣà Dàngbé ni, tẹ́ńpìlì rẹ̀ sì ṣì kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá ibẹ̀ dòní. Willem Bosman, oníṣòwò ará Holland, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1704 pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ pa ejò kan nínú ilé wọn, àwọn onílùú sì pa wọ́n. Ejò kan ṣoṣo!

Ìtàn ọdẹ kò sì wọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1938 ni D. O. Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde. Ọba rán ọdẹ méje lọ sí Òkè Láńgbòdó: Kàkò ní kùmọ̀, Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n, orin ni agbára Olóhùn-iyọ̀, tafàtafà sì wà láàárín wọn. Ẹgbẹ́ tí oníkálùkù ní ẹ̀bùn tirẹ̀ nìyẹn, gẹ́lẹ́ bí àwọn eléré ṣe ń kó ara wọn jọ lónìí, ọdún mẹ́rìndínlógójì kí géèmù Dungeons & Dragons tó jáde ní 1974. Nígbà tí wọ́n sì dé Láńgbòdó, ìtàn àti ìmọ̀ràn Ìrágbẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gbọ́ fún ọjọ́ méje. Géèmù wo ló parí báyìí rí?

Àwọn kan yóò ní dírágónì ló ń tà. Kiro'o Games ní Yaoundé, Kamẹrúùnù, gbé Aurion jáde ní 2016 láti inú ìtàn àti àṣà Áfíríkà, ó sì tà á fún gbogbo ayé lórí Steam. Àwáwí ti tán.

Owó ló kù. Fágúnwà kú ní 1963. Òfin Nàìjíríà sì ń dáàbò bo ìwé fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ lo ìwé náà kí 2033 tó parí gbọ́dọ̀ bá àwọn tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣàdéhùn. Kó lọ bá wọn, kó sì sanwó.