Ìyẹ́ adìyẹ tá à ń dáná sun, owó ni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara ẹ̀ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ìyẹ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ẹ dé Ìmóru, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, ní ọjọ́ ọdún Kérésì. Ẹ ó rí ìkòkò omi gbígbóná lẹ́yìn ilé, àwọn ọmọ á jókòó yí i ká, wọ́n á máa tu ìyẹ́ adìyẹ. Ẹran á wọ inú ọbẹ̀, ìyẹ́ á wọ inú igbó. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wá dé ọjà Ọ̀wọ̀, Àkúrẹ́, Ìbàdàn tàbí Èkó, tiwọn kì í ṣe ti ọdún, ojoojúmọ́ ni. Wọ́n á kó ìyẹ́ pọ̀ mọ́ ìfun àti láílọ́ọ̀nù, wọ́n á dà á sí gọ́tà, tàbí kí wọ́n dáná sun ún. Gbogbo wa la mọ òórùn yẹn.

Òórùn yẹn náà ló máa ń jáde tí iná bá ra irun orí èèyàn, torí ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì. Keratin ni wọ́n ń pè é. Ó wà nínú èékánná wa, ó wà nínú ìwo màlúù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ sí sàlúùnù ti rí orúkọ yẹn lára ike ìpara irun. Tí ìyẹ́ adìyẹ bá ti gbẹ, nǹkan bíi ìdá 90 nínú 100 ẹ̀ ló jẹ́ keratin. Purotéènì sì ni keratin.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Adìyẹ tó wọn kílò 2, ìyẹ́ ẹ̀ á tó gíráàmù 100, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n ń tu adìyẹ 200 lóòjọ́ nínú ọjà kan. Kílò 20 ìyẹ́ nìyẹn. Tóṣù bá fi máa parí, ó ti di kílò 600. Ọjà kan ṣoṣo o!

Lọ́wọ́ kan náà, àwọn tó ń sin adìyẹ ń sunkún. Oúnjẹ adìyẹ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n ń ná, ẹ̀wà sóyà àti ẹja lílọ̀ tí wọ́n ń rà nítorí purotéènì ò sì rọrùn rà mọ́. À ń fọwọ́ ọ̀tún ra purotéènì, à ń fọwọ́ òsì da òmíràn sí gọ́tà.

Kí ló dé tá ò kàn lọ ìyẹ́ náà fún adìyẹ jẹ? Ibi tí iṣẹ́ wà nìyẹn. Imí-ọjọ́ tó wà nínú keratin ló so ó pọ̀ bí ìgbà téèyàn fi okùn di igi. Ikùn adìyẹ ò lè tú okùn náà. Relaxer táwọn obìnrin ń fi sírun, okùn yẹn ló ń tú tí irun fi ń nà. Ní ilé iṣẹ́ ńlá lókè òkun, ooru omi gbígbóná tí wọ́n sé mọ́ inú ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń se ìyẹ́ kó lè di oúnjẹ ẹran. Àwọn míì ń fi kẹ́míkà yọ keratin ẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni bakitéríà. Ní 1990, Jason Shih àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní North Carolina State University, Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọ̀kan tó ń jẹ ìyẹ́. Ní 2010, Agbaje Lateef àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, kọ̀wé nípa òmíràn, Bacillus cereus LAU 08. Inú ilẹ̀ Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti rí i. Ẹ gbọ́ o: Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wí.

Nítorí náà, kì í ṣe ìmọ̀ la ò ní. Ẹni tó máa kó ìyẹ́ jọ ni ò sí. Lọ́hùn-ún, ojú kan ni wọ́n ti ń pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún adìyẹ, ìyẹ́ ń gba ẹnu ọ̀nà kan jáde. Níbí, bọ̀dá kan ń tu mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àǹtí kan ń tu márùn-ún lọ́hùn-ún. Ìyẹ́ tó ti pò pọ̀ mọ́ ìfun àti láílọ́ọ̀nù, kò sẹ́ni tó máa rà á.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn alága káńsù Ọ̀sẹ̀ àti Ọ̀wọ̀ fún ò tó ilé iṣẹ́. Dúrọ́ọ̀mù ni. Kí wọ́n gbé e sí ìsọ̀ gbogbo àwọn tó ń tu adìyẹ, ìyẹ́ nìkan ni kó máa wọ inú ẹ̀, kí wọ́n sì sanwó kílò fún ẹni tó bá kó o wá. Ká kọ́kọ́ fi ṣe ajílẹ̀, torí náítírójìn pọ̀ nínú ẹ̀, àgbẹ̀ Ìmóru á sì rí i lò. Lẹ́yìn náà, kí Rufus Giwa Polytechnic tó wà l'Ọ́wọ̀ àti FUTA l'Ákùúrẹ́ bá wa dán ti oúnjẹ adìyẹ wò.

Ẹnì kan á ní, àrùn ńkọ́? Òótọ́ ni. A ò tíì gbàgbé bird flu tó wọ Nàìjíríà ní 2006. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kẹ́nikẹ́ni lọ ìyẹ́ tútù fún adìyẹ jẹ. Kò sì lè rọ́pò sóyà pátá, torí àwọn èròjà kan bíi lysine ò pọ̀ nínú ẹ̀, díẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ. Ẹ má sì tìtorí fídíò kan tẹ́ ẹ wò lórí fóònù, kẹ́ ẹ wá máa fi sódà se ìyẹ́ nínú kíṣìnì. Sódà ń fọ́ni lójú.

Ṣùgbọ́n kíkó ìyẹ́ jọ ò béèrè yunifásítì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń wá òwò tí owó kékeré lè bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sọ́jà àdúgbò yín lọ́la, kẹ́ ẹ ka iye adìyẹ tí wọ́n ń tu. Kẹ́ ẹ wá bi káńsù yín: ta ló ń kó ìyẹ́ yìí, ibo ló ń dà á sí?