Ta Ni Yóò Gba Eré Lọ́wọ́ Ọ̀gá?

Iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ǹjẹ́ eré orí ìtàgé wa, èyí tí orin, ìlù àti ijó jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀, ní ọmọ tí yóò rọ́pò rẹ̀ bí?

Ìsarà kò jìnnà sí Òsósà, ìlú Hubert Ògúndé, ẹni tí ó gbé eré Ọgbà Édẹ́nì jáde ní Èkó ní 1944. Òun ni ó ń kọ eré, òun ni ó ń kọ orin, òun ni ó ń darí, òun náà ni ó tún ń ṣe é. Ó papòdà ní 1990. Mélòó nínú eré olórin rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ Rẹ́mọ lè gbé kalẹ̀ lónìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ti Dúró Ládípọ̀ sàn díẹ̀: kí ó tó kú ní 1978, wọ́n ti tẹ Ọba Kò So ní Ìbàdàn ní 1972. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò lè kọ́ ẹsẹ̀ ní ijó.

Àṣà ìkọ́ṣẹ́ wa kò burú, ṣùgbọ́n ọ̀gá tuntun ni ó ń bí. Lérè Páímọ́ kúrò lọ́dọ̀ Dúró Ládípọ̀, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe. Ta ni ó wá dúró ṣọ́ iṣẹ́ ọ̀gá?

Iṣẹ́ igbákejì olùdarí nìyẹn. Nígbà tí Bill T. Jones darí eré Fela! ní Broadway ní 2009, Niegel Smith ni igbákejì rẹ̀. Òun ni ó tún eré náà gbé kalẹ̀ ní London, àti ní Èkó ní 2011. Ìtàn ọmọ Abẹ́òkúta, ọmọ Amẹ́ríkà ni ó ń ṣọ́ ọ!

Ohun mẹ́ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń kọ́. Èkíní ni àkọsílẹ̀: ibi tí òṣèré kọ̀ọ̀kan dúró sí, àti ọ̀rọ̀ tí ìlù fi ń wọlé. Èkejì ni etí tí ó gbọ́ ìlù àti orin, kí ó lè kọ́ ẹni tí yóò dípò òṣèré tí ara rẹ̀ kò dá. Ẹ̀kẹta, tí ó le jù, ni ìwà. Yóò jókòó láàrin òǹwòran, yóò wò bóyá eré ti ń yẹsẹ̀ kúrò lórí àdéhùn. Yóò tún un ṣe láìfi adùn ara rẹ̀ kún un. Bí ọ̀gá bá ṣì í, ní kọ̀rọ̀ ni yóò ti sọ fún un.

Àwọn kan yóò ní ọ̀gá méjì kì í gbé inú ọkọ̀ kan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omele kì í bá ìyáàlù du ọ̀rọ̀. Bí omele bá sì dákẹ́, ìhòòhò ni ìyáàlù wà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìsarà, bí ẹ bá ń múra eré ìparí ọdún, ẹ yan akẹ́kọ̀ọ́ kan ní igbákejì. Ẹ fún un ní ìwé àti bírò. Ní ọjọ́ kejì eré, ẹ jẹ́ kí ó darí rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà onílù, ẹ jẹ́ kí ó jókòó tì yín. Ohun tí ó wà nínú orí ẹnì kan ṣoṣo, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá lọ ni yóò bá a lọ.