Ẹ Má Ti Tòkunbọ̀ Síta

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo bá wá lónìí. Ní Ìpàtà, ní Ìlọrin, níbi tí mo ń gbé, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí à ń lò.

Red Hat ń ṣe ètò Linux fún àwọn iléeṣẹ́. Ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Fedora tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ní ń kó o jọ sínú àká kan tí à ń pè ní EPEL. Ẹ̀dà wo ni kí wọ́n máa tọ́jú nínú 8, 9 àti 10?

Àwọn kan ní kí wọ́n mú tuntun nìkan. Èmi kò gbà. Ẹ̀dà 10, tí ó jáde ní 2025, kò lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí kò ní AVX2. Ọdún 2013 ni Intel kọ́kọ́ fi AVX2 sínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ kò lè gbé ẹ̀dà 10 rárá. AlmaLinux rí èyí, ó ṣe ẹ̀dà 10 mìíràn fún ẹ̀rọ àtijọ́, ó sì tún àwọn ohun inú EPEL ṣe fún un. Ta ni yóò wá sọ pé kò ṣeé ṣe?

Ẹlòmíràn lè ní, "Ẹni tí kò gba owó, kí ni ẹ fẹ́ kí ó ṣe sí i?" Òótọ́ ni. N kò ní kí wọ́n máa tọ́jú òkú. CentOS 7 parí ní 30 Oṣù Kẹfà 2024. A ti sin ín. Ṣùgbọ́n Red Hat ti ṣèlérí àtúnṣe fún ẹ̀dà 8 títí di 2029, àti fún ẹ̀dà 9 títí di 2032. Nígbà tí ẹni tí ó bí ọmọ kò tíì kọ̀ ọ́, kí ni alágbàtọ́ ń kánjú sí? Ní Oṣù Kejìlá 2020 ni a kéde pé CentOS 8 yóò parí ní òpin 2021, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti gbọ́kàn lé e di 2029. Irú ìjákulẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó gẹ́ẹ́.

Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ẹni tí ó mọ ètò í kọ dá sí i; kí àwa yòókù máa dán an wò, kí a máa ròyìn àṣìṣe. Ẹni tí ó bá káwọ́ gbera kò ní ẹnu láti bèèrè.