Owó Òde Onílù

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá délé tó ní iṣẹ́ ìlù lòun fẹ́ ṣe, ìbéèrè tí bàbá kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé, "Kí lo fẹ́ máa jẹ?" Àwa kò dá irú bàbá bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Àwọn ọmọ ń wo onílù òyìnbó lórí fóònù, wọ́n sì rò pé ẹni tó bá ti lùlù fún ẹgbẹ́ olókìkí ti rí ṣe nìyẹn.

Ẹ gbọ́ ti Andy White, ọmọ Glasgow ní Scotland, tó ń ṣe onílù àgbàṣe ní London. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1962, wọ́n pè é wá síbi tí Beatles ti ń gba orin sílẹ̀, torí pé ìlù Ringo Starr, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, kò tíì tẹ́ àwọn tó ń darí iṣẹ́ lọ́rùn. White lùlù "Love Me Do". Ringo tó ni ipò ń mi tambourine lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. (Ẹ fojú inú wo ojú Ringo lọ́jọ́ náà!) Èyí tí White lù ni wọ́n fi sínú àwo ńlá àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà ṣe. Àwo náà tà káàkiri ayé. Nǹkan bí pọ́n-ùn 5 ni White gbà, kò sì ní ìpín nínú èrè. Ẹni tó kọ orin ni owó orin ń wọlé fún léraléra. Onílù àgbàṣe gba owó ọjọ́ rẹ̀, ó parí. Nígbà tó dàgbà, New Jersey ní Amẹ́ríkà ló ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìlù. Ó kú ní 2015.

Ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí Tony Allen, onílù Fela, gbé títí ó fi kú ní 2020, wọ́n ní ètò mìíràn. Wọ́n mọ̀ pé òde lè wà lónìí kó má sì sí òmíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Olórin tó bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí 507 láàárín oṣù 12 lè máa gba owó ìrànwọ́ láwọn ọjọ́ tí kò bá sóde. Wákàtí 12 ni wọ́n ń ka òde kan sí, torí ìdánrawò àti ìrìnàjò náà, iṣẹ́ ni. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, òde 43 ni. Ṣùgbọ́n òde tí wọ́n kàn ti tẹ owó lé onílù lọ́wọ́ láìsí ìwé kò sí nínú kíkà. Olórin ibẹ̀ ń ṣọ́ ìwé òde bí ìyá alájọ ṣe ń ṣọ́ káàdì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú òfin náà le sí i ní 2003, àwọn olórin àti òṣèré daṣẹ́ sílẹ̀, ọdún eré ńlá ti Avignon kò sì wáyé lọ́dún náà.

Bí ọmọ yín bá ti ń gba òde, ẹ ra ìwé kékeré kan fún un. Kó máa kọ ọjọ́, ibi eré, ẹni tó pè é, àti iye tí wọ́n san. Kó kọ èyí tí wọ́n jẹ ẹ́ náà sí i.