Súùdù Kì Í Ṣe Òtútù Lásán

Bí ìyàn bá mú ní ìlú kan, tí akọ̀ròyìn wá kọ ọ́ pé "oòrùn pa àwọn ará ìlú", ṣé ẹ ó gbà? Ẹ ò ní gbà. Gbogbo wa la mọ̀ pé oòrùn yàtọ̀ sí ọ̀dá, ọ̀dá sì yàtọ̀ sí ìyàn. A tún mọ̀ pé kí ọ̀dá tó di ìyàn, ọwọ́ ènìyàn máa ń wà níbẹ̀: àká tó ṣófo, ogun, ọjà tó wọ́n, ìjọba tó sùn. Èdè wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá kan Mòǹgólíà, "òtútù pa ẹran" ni à ń kọ, tí a ó sì kọjá lọ?

Lórí pápá gbalasa ilẹ̀ náà, ní ìgbà ọ̀gìnnìtìn 2023 sí 2024, ẹran ọ̀sìn tó lé ní mílíọ̀nù 7 ló kú. Ní ti 2009 sí 2010, nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ló bá a lọ: àgùntàn, ewúrẹ́, màlúù, ẹṣin, ràkúnmí. Fún darandaran tí kò ní oko, tí kò sì gba owó oṣù, ẹran ni oúnjẹ, ẹran ni owó iléèwé ọmọ, ẹran ni báńkì. Ọ̀pọ̀ tí ẹran wọn tán ló ká àgọ́ wọn, tí wọ́n lọ pa á sí ẹ̀yìn ìlú Ulaanbaatar láti wáṣẹ́ tí wọn kò kọ́ rí.

Àwọn tó ni ìyà yìí kò pè é ní òtútù. Dzud ni wọ́n ń pè é. Nítorí pé álífábẹ́ẹ̀tì wa kò ní z, a dábàá pé kí á máa kọ ọ́ ní súùdù.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín in. Súùdù funfun ni ìgbà tí òjò dídì bá ga débi pé ẹnu ẹran kò lè kan koríko. Súùdù dúdú ni ìgbà tí òjò dídì kò bọ́ rárá, tí ẹran kò sì rí nǹkan mu. Súùdù onírin ni ìgbà tí òjò dídì yọ́ díẹ̀, tó tún dì padà, tó wá le bí irin tí pátákò kò lè fọ́. Òmíràn tilẹ̀ ń jẹ́ ti pátákò, nígbà tí ẹran bá pọ̀ ju koríko lọ, tí wọ́n tẹ pápá pa. Ti òtútù wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ni láàárín wọn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹran tó sanra lè fara da òtútù tó rékọjá ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo. Ìgbà ooru ni súùdù ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò bá wọ́n, tí koríko kò hù dáadáa, tí ẹran sì wọ inú ọ̀gìnnìtìn pẹ̀lú egungun níta. Ní 1990, nǹkan bí mílíọ̀nù 26 ni ẹran ọ̀sìn Mòǹgólíà. Nígbà tí ẹgbẹ́ àjùmọ̀ní tó ń tọ́jú kànga àti koríko gbígbẹ tú ká, olúkúlùkù ń dá tirẹ̀ ṣe. Irun ewúrẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ cashmere di owó, ewúrẹ́ sì pọ̀ láti ìdá kan nínú márùn-ún sí nǹkan bí ìdá méjì. Nígbà tó fi di 2019, ẹran ti lé ní mílíọ̀nù 70. Ṣé òtútù ló kó wọn jọ?

Ẹni tó kọ "òtútù" ti dá gbogbo ènìyàn láre. Òtútù lè dé lójijì, súùdù kì í dé lójijì. Ohun tí a lè rí lókèèrè ni a lè múra dè. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Mòǹgólíà àti Báńkì Àgbáyé fi bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò fún ẹran ọ̀sìn ní 2006.

A mọ ohun tí àwọn kan nínú ẹ̀ka wa máa sọ: "Yorùbá ò ní òjò dídì, kí la fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àwọn ará Mòǹgólíà ṣe?" A kì í gbin àlùbọ́sà kí orúkọ rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa láti òkè ọya, lónìí, ta ló ń pè é ní ọ̀rọ̀ àjèjì? Bí ó bá jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ènìyàn fi lè mọ ohun tó pa ẹran mílíọ̀nù 7, àwa fúnra wa la ti sọ pé Yorùbá kò tó èdè ìmọ̀. Kí la wá kọ́ wá síbí nígbà náà?

Lọ́la, àwa la ó jókòó sí yàrá ìròyìn, àwa la ó sì máa túmọ̀ ìwé. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ bá wa tún un ṣe. Bí ìròyìn náà bá tún dé, ẹ kọ súùdù, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan ṣàlàyé rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni à ń bẹ̀bẹ̀ fún.