Ta Ni Ó Ń Ṣa Ìròyìn Fún Wa?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́,

Ní ìdí àtẹ oníwèé ìròyìn, ìbáà jẹ́ ní Kàdúná tàbí ní Port Harcourt, àkọlé kan náà ni gbogbo ènìyàn ń kà. Ẹni tí ó wá wo èsì bọ́ọ̀lù kò ní ṣàì rí i pé wọn kò tíì san owó oṣù àwọn olùkọ́. Àríyànjiyàn yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ní owó tí yóò fi ra ìwé pàápàá yóò dá sí i.

Ojú fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ a máa ṣọ́ ohun tí olúkúlùkù ń tẹ̀, èyí tí ó pẹ́ lórí rẹ̀ àti èyí tí ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Irú rẹ̀ ni yóò sì máa kó wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, Google bẹ̀rẹ̀ sí í to èsì ìwádìí gẹ́gẹ́ bí ìṣe oníkálukú, kódà fún ẹni tí kò forúkọ wọlé. Ní ọdún 2011, Eli Pariser, ará Amẹ́ríkà, kọ odindi ìwé láti fi kìlọ̀ nípa ọ̀ràn yìí.

Wọ́n ní nítorí tiwa ni, kí a má baà fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí kò kàn wá. Ta ni ó sọ fún wọn pé owó oṣù olùkọ́ kò kan awakọ̀? Ní ọdún 2023, owó tí ó wọlé fún Meta, tí ó ni Facebook, lé ní 130 bílíọ̀nù dọ́là, ìpolówó ọjà ni ó sì mú èyí tí ó pọ̀ jù lọ wá. Bí ojú wa bá ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni èrè wọn ṣe ń pọ̀ tó. Ohun tí yóò dá wa dúró ni wọ́n ń ṣà, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a mọ̀.

Olóòtú ìwé ìròyìn náà a máa ṣà, òmíràn a sì máa gbè sẹ́yìn ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́. A kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a jọ ń rí ohun tí ó tẹ̀, a sì lè bá a wí.

Nígbà tí NLC àti TUC pe ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, ọdún 2024, nítorí owó oṣù tí ó kéré jù lọ, ìpè kan ṣoṣo ni ó jáde sí gbogbo òṣìṣẹ́. Ní oṣù Keje, òfin gbé owó náà láti 30,000 náírà sí 70,000. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Báwo ni ọwọ́ yóò ṣe gbájọ, bí ẹ̀rọ bá ti pinnu pé eré sinimá nìkan ni ó wu ẹnì kan, tí kò sì jẹ́ kí ìpè ẹgbẹ́ dé ojú rẹ̀?

Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2022 pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wọ̀nyí fún òǹkàwé ní ètò mìíràn, èyí tí kò dá lórí ìṣọ́ni. Ẹ jẹ́ kí a béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa ní Àbújá. Kí ó tó dé, kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa lẹ ìkéde mọ́ ara pátákó, kí ó sì máa kà á sókè ní ìpàdé.