Owó Ilé-Ìwé Kò Yẹ Kó Lé Ọmọ Wa Padà Sílé

Ẹ̀yin òbí àti ọ̀dọ́ Obajana, ká yege nínú ìdánwò JAMB yàtọ̀ sí ká kàwé gboyè. Ọmọ lè wọ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́jà, kí owó tán lọ́wọ́ òbí kó tó dé ọdún kejì. Ọmọ náà á ní òun fẹ́ lọ wá owó díẹ̀ nídìí ọ̀kadà tàbí iṣẹ́ lébìrà. Ọdún kan á di mẹ́ta, ìwé ti parí nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wá owó tí a kì í san padà. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Dangote máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ìlú tó wà ní sàkáání rẹ̀ ní sikọ́láṣíìpù. Ẹ lọ bi àwọn olórí ìlú léèrè ìgbà tí fọ́ọ̀mù máa ń jáde.

Bí ìyẹn kò bá bọ́ sí i, ẹ̀yáwó tí Ìjọba Àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ nípasẹ̀ àjọ NELFUND ńkọ́? Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin rẹ̀. Òfin ọdún 2023 tí òfin yìí rọ́pò béèrè onídùúró. Òfin tuntun yìí kò béèrè rẹ̀. Owó náà kò ní èlé. Tààrà ni wọ́n ń san owó ilé-ìwé fún ilé-ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè béèrè owó ìgbọ́bùkátà oṣooṣù.

Àmọ́ gbèsè ni o. Bó bá ti pé ọdún méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ náà parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tó sì ti ríṣẹ́, wọn yóò máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ títí yóò fi san án tán. Ẹ má yá ju ohun tí ẹ nílò lọ.

Kí ẹ tó béèrè fún ẹ̀yáwó náà, ẹ rí i pé orúkọ inú NIN, BVN àti JAMB bára mu, kí ẹ sì bi ilé-ìwé bóyá wọ́n ti fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́ sí NELFUND. Ẹni tó bá ní kí ẹ fún òun lówó kí wọ́n lè tètè fọwọ́ sí i, oníjìbìtì ni.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ọjọ́ tí ìwé ìgbaniwọlé bá dé ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó, ẹ má dúró de ọjọ́ ìdánwò. Kí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí náà máa kéde ọ̀rọ̀ sikọ́láṣíìpù àti ẹ̀yáwó yìí, kó lè dé etí àgbẹ̀ tí kò ní fóònù ńlá.